Módẹ́mù Tó Yadi ní Accra

Lọ́dún 1995 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor àti iléeṣẹ́ Network Computer Systems so Ghana pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti Accra. Wáyà tẹlifóònù àti módẹ́mù ni àwọn ilé fi ń wọ̀ ọ́. Módẹ́mù tó pọ́ọ́kú jù, èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Windows ló ń bá a ronú. Ọmọ tó bá wá fi Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, rọ́pò Windows, módẹ́mù rẹ̀ yadi nìyẹn. Inú ìyá ilé lè dùn o: tẹlifóònù ráyè sinmi!

Ètò tó máa jẹ́ kó fọhùn, ìyẹn driver, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà nínú yàrá. Ó di káfé, ó sanwó, ètò wọnú dísíkẹ́ẹ̀tì, ó délé, ó kọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún kernel 2.2 kì í bá 2.4 ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ tẹ uname -r nílé, á kọ nọ́ńbà tó jáde síwèé. Á tẹ lspci, á kọ orúkọ chip gan-an, kì í ṣe ti ara páálí, kó tó lọ náwó ní káfé. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká módẹ́mù ìta, irú èyí tó ń lo wáyà serial, bọ́ nínú gbogbo èyí.