Hẹ́dífóònù Tí Ó Gbọ́ Yorùbá

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn tí ń yà sọ́dọ̀ wa ní Garland ti ń bi mí pé kí ni àwo ràgàjì méjì tí mo ń gbé mọ́ etí bí ẹni tí ń wa bàálù. Hẹ́dífóònù ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín, nítorí owó ọmọ ilé-ìwé kò pọ̀ tó èyí tí à á fi ra ohun tí a kò mọ̀.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 1986, àbúrò bàbá mi gba ohùn Ìyá Àgbà wa sínú kásẹ́ẹ̀tì ní abúlé wa lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa. Ìyá ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ oríkì náà tán mọ́. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ó di àríyànjiyàn láàárín bàbá mi àti àbúrò wọn títí di òní. Bàbá mi ní "ọmọ ọlọ́kọ́" ni ìyá pè wá, pé àgbẹ̀ ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, orí ilẹ̀ yẹn náà ni a sì ti ṣẹ̀. Àbúrò wọn ní "ọmọ ọlọ́kọ̀" ni, pé ojú ọ̀sà ni baba ńlá wa gbà dé. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ odidi ìtàn ìdílé ni ó rọ̀ mọ́ ọn, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pàápàá, tí n kò ní sọ síhìn-ín.

Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti gbó. Adìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ẹnì kan ń gún nǹkan lódò, téèpù fúnra rẹ̀ sì ń hó ṣùà. Íápíìsì $15 tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ a máa sọ gbogbo ìró ìsàlẹ̀ di gìrìgìrì kan náà. Ibi tí ìyá bá ti rẹ ohùn sílẹ̀ gan-an ni odó ti máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Irú èyí tí mo wá rà ni òyìnbó ń pè ní planar magnetic, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Nínú hẹ́dífóònù tí ó wọ́pọ̀, wáyà tí a ká róbótó ni a lẹ̀ mọ́ ìdí awọ kékeré kan, ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń tì í. Nínú ti planar, awọ náà fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n sì tẹ́ ipa wáyà sí ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n wá to òòfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí iná ohùn bá ti gba inú wáyà, gbogbo ojú awọ a mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tún dákẹ́ kíá, kì í fa ìró nílẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó ṣí sílẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohùn máa ta padà sí etí bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

Kì í ṣe ohun tuntun. Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáánù ti gbé HP-1 tiwọn jáde ní 1976. Lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé, kí àwọn bí Audeze, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 2008, àti HIFIMAN tó tún gbé e dìde, ní iye tí ó tó owó ilé oṣù kan. Ní 2021 ni HIFIMAN mú HE400se wá ní $149, a sì ti rí i ní nǹkan bí $109 láti ìgbà náà. Kí ẹ tó pariwo owó, ẹ rántí pé Texas Instruments ti Dallas wa níhìn-ín ni ó ṣe táńsísítọ̀ inú Regency TR-1, rédíò táńsísítọ̀ àkọ́kọ́ tí a tà fún ará ìlú, ní 1954. $49.95 ni iye rẹ̀, èyí tí ó ju $500 lọ ní owó òde òní.

Mo fi àpàlà Haruna Ishola dán tèmi wò. Ṣe ni agídìgbo jókòó sí àyè tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí àyè tirẹ̀, mo sì lè ka àwọn elégbè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlù a máa fọhùn, kì í kàn dún lásán. Ṣùgbọ́n gòjé Yusuf Olatunji a máa ha mí létí bí mo bá gbé ohùn sókè, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí fújì máa lu òun láyà bí ti òde àríyá, kò ní rí i níbẹ̀.

Ti bí wọ́n ṣe kàn án pọ̀ ni kò dùn mọ́ mi. Ike rẹ̀ ń ké kẹ́wẹ́kẹ́wẹ́ bí mo bá yí ọrùn, wáyà tí ó bá a wá le gan, ní oṣù kejì sì ni ẹ̀gbẹ́ òsì dákẹ́. N kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Wáyà ni ó já. Nígbà tí ó ti jẹ́ pé ó ṣeé yọ, mo fi $12 ra òmíràn. Irú èyí a sì máa wúwo: HE400se tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tó gíráàmù 390. Fóònù nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó láti gbé e, ẹ ó nílò ampilifáyà kékeré. Ohùn a sì máa jò síta, nítorí náà ẹ má gbé e lọ sí láíbìrì.

Jíjò yẹn wúlò fún mi. Ní alẹ́ Sátidé kan, mo dé ibi gbólóhùn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá pè é. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, odó sinmi díẹ̀, ohùn wọn sì já wálẹ̀ gbọnrangandan. Kí n tó lanu, ọmọ Ìlọrin tí a jọ ń gbé, tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjà ilé wa, gbé orí kúrò nínú ìwé rẹ̀ ní òdìkejì yàrá, ó ní, "Ọlọ́kọ̀ wo ni màmá yìí ń kì?"

Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Àbúrò bàbá mi ṣàdúrà fún mi títí. Bàbá mi ní ẹ̀rọ òyìnbó ni, kò lè gbọ́ Yorùbá. Kí n gbé e wálé, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Oṣù Kejìlá ni mo ń lọ. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin DART aláwọ̀ búlúù wá sí Garland, kí ó sì mú orin tí ó ti mọ̀ dunjú lọ́wọ́.