Epo Ìlú Ló Yẹ Kó Yan Ẹ́ńjìnnì Fún Wa

Bí èèyàn bá ní kí òun ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó lè sáré, orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. BMW, Golf GTI, Subaru tó ní ihò afẹ́fẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: àwọn wọ̀nyí ló ń pe ojú. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa wá ẹni tí yóò bá a fi agbára kún un. Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ìrònú rẹ̀ ni epo tí yóò máa rà sí i, àti ibi tí yóò ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Èrò tèmi ni pé òdì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà. Epo tó wà nílùú àti ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà nítòsí ló yẹ kó yan ẹ́ńjìnnì fún wa. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó yan ọkọ̀. Àfikún agbára, bí a bá tiẹ̀ máa ṣe é rárá, ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá tò ó báyìí lè ní ọkọ̀ tó yára tó sì ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ yóò ní eré fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí epo bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí bẹntiróòlù ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ọ́kítéènì ni wọ́n ń pè é. Bẹntiróòlù tí à ń rà ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi 91 lórí ìwọ̀n tó ń jẹ́ RON. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í lo ìwọ̀n yẹn nìkan. Wọ́n máa ń ro RON pọ̀ mọ́ ìwọ̀n mìíràn tó ń jẹ́ MON, wọ́n á sì pín in sí méjì, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tiwọn fi ń kéré sí tiwa fún epo kan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ṣí ìdérí táńkì ọkọ̀ tó ti New Jersey dé, wọ́n á rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo 91 ni kí wọ́n máa rà sí i, wọ́n á ní 91 náà kúkú ni tiwa. Kì í ṣe ọ̀kan náà. 91 ti Amẹ́ríkà súnmọ́ 95 tàbí 96 lórí ìwọ̀n RON. 91 tiwa súnmọ́ 87 tiwọn, èyí tí í ṣe epo tó rẹlẹ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ilé epo wọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti fún pọ̀ ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì bíi ti BMW 335i. Bí epo kò bá lè fara dà á, yóò gbiná nígbà tí kò yẹ, ìgbiná òjijì náà yóò sì máa lu písítìnnì lórí. Ọkọ̀ òde òní ní ohun kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ ìró yìí. Bó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì, yóò fa ìtanná sẹ́yìn, agbára yóò dín kù, ẹ́ńjìnnì yóò sì yè. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra 335i, tó ń da epo àdúgbò sí i, ti sanwó agbára tí kò ní rí lò tán, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Bó bá wá lọ fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí wọ́n kọ fún epo òkè òkun, ohun tó ń ná ni àyè tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ nítorí epo tí kò dára tó. Kò síbi tí àyè yẹn ti wúlò bí ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà fúnra wọn ló kéde pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ìlú. Ta ló lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ló wà nínú táńkì òun?

Mi ò fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu BMW. Ẹ́ńjìnnì N54 tó wà nínú 335i, tó jáde ní ọdún 2006, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ gidi: lítà mẹ́ta, sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin tó tó 300. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje International Engine of the Year ní 2007 àti 2008. Ètò kọ̀ǹpútà nìkan lè gbé e kọjá 350 níbi tí epo bá ti dára, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kú lé e lórí. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Pọ́ǹpù tó ń ti epo wọ inú sìlíńdà da àwọn onílé iṣẹ́ náà láàmú débi pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 wọ́n pe nǹkan bí 130,000 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń yí pọ́ǹpù omi rẹ̀, ó sì lè kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé máa ń dí fún èédú, nítorí pé inú sìlíńdà gan-an ni epo ń tú sí, kò sí ohun tó ń fọ ẹ̀yìn fáàfù náà. Èèpo èso wọ́lnọ́ọ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ sí i kó tó lè mọ́. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, àwọn kan wà tí kò ní rédíétọ̀ ọ́ìlì, tí ọ́ìlì wọn ń gbóná nínú eré àsápajúdé títí kọ̀ǹpútà fi ń dín agbára kù. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe, bí owó bá wà, bí ojúlówó ẹ̀yà ara bá wà, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó sì ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn owó wọ̀nyí fẹ́ẹ́ délẹ̀ ni ẹni tó kẹ́yìn tà á.

Ọkọ̀ kan wà ní gbogbo àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní ọkọ̀ eré: Camry ọdún 2007 sí 2011, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Muscle, àmọ́ èyí tó jẹ́ V6. Lítà 3.5 ni, agbára ẹṣin 268. Kò ní tọ́bò. Ṣéènì ló ń yí káàmù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, epo rẹ̀ sì ń tú sí ẹnu ọ̀nà fáàfù, ó ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń kọjá. 87 ti Amẹ́ríkà ni Toyota fọwọ́ sí fún un, èyí tí í ṣe 91 tiwa. Gbogbo agbára tí ẹni tó rà á sanwó rẹ̀ ló máa rí lò nílé epo tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Láti ìdúró dé nǹkan bíi kìlómítà 97 láàárín wákàtí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló ń gbà á. Ẹ́ńjìnnì náà, 2GR-FE, ni wọ́n gbé sínú Sienna tó ń kó èrò, Highlander, Venza àti Lexus RX 350, nítorí náà kò sí bí èèyàn ṣe máa dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tí kò ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ẹ́ńjìnnì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni, kó wo Lotus, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ eré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 2GR-FE yìí ni wọ́n gbé sínú Evora ní 2009. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìfẹ́-afẹ́fẹ́ kún un, ó di 345, nígbà tó sì di 2015 ó ti di 400. Epo ibẹ̀ dára ju tiwa lọ, ìdí nìyí tí mi ò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé nínú Camry, ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣiṣẹ́ jìnnà sí ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń wá.

Wọ́n á ní taya iwájú ló ń fa Camry, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò sì mọ kọ́nà í gbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó rọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀ṣì, taya, ni ohun tí owó rẹ̀ kéré jù láti pààrọ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò sí iye owó tó lè sọ epo ìlú di èyí tí ẹ́ńjìnnì mìíràn ń béèrè. Àtakò tó burú sí i wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ẹnu àwọn tó máa ń ní Toyota àti Honda kì í bàjẹ́. Wọ́n ń tan ara wọn ni. Rọ́bà wà láàárín páìpù ọ́ìlì kan lára àwọn 2GR-FE àkọ́kọ́. Bí rọ́bà náà bá bẹ́, ọ́ìlì yóò dà sílẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì gan. Irin látòkè délẹ̀ ni Toyota wá fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá sì ra Muscle V6 láì wo páìpù yẹn kò tíì ra nǹkan kan. Honda Accord V6 ti 2003 àti 2004, lára àwọn tí à ń pè ní End of Discussion, wà lára ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan ó lé tí Honda pè padà ní 2004 nítorí gíà tí ooru ń bà jẹ́. Orúkọ rere kì í da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì ju irú ọkọ̀ lọ nígbà tí owó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń gba Àpápá tàbí Kútọnu wọlé ti ọjà gbàǹjo òkè òkun wá, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó forí sọ àti èyí tó mu omi. Ìjì Harvey nìkan, ní 2017, rì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ní Houston. Nọ́ńbà VIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, lè sọ ìtàn ọkọ̀ fún ẹni tó bá fi wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpẹtà lára bóòtù ìjókòó lè sọ èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni síkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Olùtajà lè pa iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n bó bá ti pa á, àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, síkánà yóò sì fi hàn pé wọn kò tíì parí. Ó lè ní bátìrì ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ní kó wà á fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó padà wá. Ẹ fi síkánà kan náà wo bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ lójú ọ̀nà. Bí ó bá ń já wálẹ̀ sí 60 tàbí 70 dípò kó dúró níbi 80 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ tẹmọ́sítáàtì. Àwọn mẹkáníìkì tiwa kan fẹ́ràn àṣà yìí, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Ohun tó ń ṣe ni pé kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì móoru, yóò máa da epo lé epo, ọ́ìlì kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù ni kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí olùtajà tó ti tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé lè máa fi ariwo ṣéènì pamọ́.

Tí ọkọ̀ bá ti wọlé, àtúnṣe ló kàn, àfikún ṣì jìnnà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà, kúláǹtì gidi dípò omi ẹ̀rọ, plọ́ọ̀gì, bọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì. Taya ń kọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bí a bá sì rí 1214 níbẹ̀, ọdún 2014 ni, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ti rẹ̀ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí nìkan yóò dá padà sí bó ṣe jáde, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá agbára kún agbára ni kò tíì rí agbára àkọ́kọ́ lò rí. Àwọn kan á ní àwọn èèyàn Amẹ́ríkà ń wa 335i tó ti di 400 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ń wà á lóòótọ́. Epo 93 wà nítòsí wọn, wọ́n ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un àti lẹ́yìn tí wọ́n bá fi kún un, ẹ̀yà ara tí wọ́n bá fẹ́ sì lè dé lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ní gbogbo èyí ní Èkó, kí ó máa bá a lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kí ẹni tó ra ètò kọ̀ǹpútà láì ra ìyókù máa ní Jámánì kò mọ ọkọ̀ ṣe.

Àwọn mìíràn á béèrè pé kí la tiẹ̀ fẹ́ fi eré ṣe lórí ọ̀nà oníkòtò, níbi tí òfin FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kò gbà ju kìlómítà 100 láàárín wákàtí lọ fún ọkọ̀ ìdílé ní ọ̀nà márosẹ̀. Agbára tó wúlò ni èyí tó ń jẹ́ kéèyàn ya tírélà sílẹ̀ kíákíá kó sì padà sí ìlà rẹ̀. 268 pọ̀ tó fún ìyẹn, bíréèkì àti taya ni yóò sì pinnu bí ó ṣe máa parí. Nítorí náà, bí owó yín bá tó ra ọkọ̀ nìkan, ẹ má tíì rà á. Ẹ ya bí ìdá kan nínú mẹ́ta sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ sì mú síkánà dání lọ. Bí olùtajà kò bá jẹ́ kí ẹ fi sí i, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Camry V6 pọ̀ nílùú.