Ètò Tó Ń Tú Ara Rẹ̀: Àkíyèsí Lórí TI-83 Plus

TI-83 Plus, ẹ̀rọ ìṣirò tí Texas Instruments gbé jáde ní 1999, ní RAM 32 kílóbáìtì. Ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ mú tirẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bíi 24 ló kù fún ẹni tó ni ín. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ géèmù fún un fi ń fún ètò wọn pọ̀: gbogbo wọn á wà ní fífúnpọ̀, èyí tí a bá fẹ́ lò nìkan ni yóò tú ara rẹ̀.

*

Ojú ẹ̀rọ náà jẹ́ àmì 96 ní ìbú, 64 ní òró. Àwòrán kan tó kún ojú rẹ̀ gba báìtì 768; mẹ́wàá gba 7,680. Ojú òfìfo ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òfìfo yẹn gan-an ni ìfúnpọ̀ ń jẹ.

*

Ní 1977, Abraham Lempel àti Jacob Ziv fi ọ̀nà kan hàn: ohun tí a ti kọ tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un kọ, ẹ kàn ní kí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn báyìí, kó mú iye báyìí. Iṣẹ́ méjì péré ló kù fún atúdìí, ìyẹn apá ètò tó ń tú ìyókù: kó gbé báìtì tuntun sílẹ̀, tàbí kó da àtijọ́ kọ.

*

Z80, ọpọlọ ẹ̀rọ yìí, ní àṣẹ kan, LDIR, tó ń da báìtì kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kó padà sẹ́yìn ní ẹyọ kan, kó mú 100. Báìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ ni yóò tún dà kọ, títí òdo kan, ìyẹn báìtì òfìfo, yóò fi di ọgọ́rùn-ún lé kan. Ó wù mí púpọ̀ pé àṣẹ báìtì méjì ṣe gbogbo èyí.

*

Atúdìí náà ní ìwọ̀n. Ti ZX7, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí Einar Saukas ará Brazil ṣe, jẹ́ báìtì 69. Ọ̀nà tó bá dín 200 kù sí i, tí atúdìí rẹ̀ sì fi 300 gùn ju èyí lọ, àdánù ni.

*

Níbo ni atúdìí yóò dúró sí? Ojúlé 9D95 nínú RAM ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí a tú bá bo atúdìí mọ́lẹ̀, iṣẹ́ dá lójijì. Kí atúdìí kọ́kọ́ da ara rẹ̀ kọ sí àyè tí a ń pè ní saveSScreen, báìtì 768 ní ojúlé 86EC, kó sì máa ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀.

*

A ó wá ti ohun tó fúnpọ̀ sí ìparí àyè, a ó sì máa tú u láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìkọ̀wé bá lé ìkàwé bá, èyí tí a kò tíì kà ti bàjẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹ fi báìtì díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. LDDR, tó ń da nǹkan kọ láti ẹ̀yìn, ni kí ẹ fi tì í, kó má ba ara rẹ̀ jẹ́.

*

Kọ̀ǹpútà ńlá ló ń fún ètò pọ̀, lẹ́ẹ̀kan. Z80 tó ń sáré ní 6 MHz ló ń tú u, lójoojúmọ́. Ibi tí agbára wà ni kí iṣẹ́ tó le wà.

*

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò, kí ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ ro mẹ́ta pọ̀: ohun tó fúnpọ̀, atúdìí rẹ̀, àti àyè tí yóò gbà nígbà tó bá ń tú. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, torí àṣìṣe kékeré kan lè pa gbogbo ohun tó wà nínú RAM rẹ́.