Ẹ Sọ fún Wa Kí A Tó Sanwó

Iṣẹ́ síìtì mọ́tò ni bàbá mi ń ṣe ní Okokomaiko, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Dánfó, kòròpé, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni àwọn oníbàárà ń gbé wá bá wọn. Bàbá á tú ìbòrí àtijọ́ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ fóòmù, wọ́n á sì fi lẹ́dà tuntun bò ó. Lẹ́dà la ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, tí ilé iṣẹ́ da rọ́bà lé lójú. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, èmi ni mo máa ń bá wọn di lẹ́dà mú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ọdún tó kọjá, awakọ̀ méjì padà wá bá Bàbá láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Síìtì tí Bàbá ṣe fún wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti ya níbi tí òwú gbà. Tẹ́lẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa lo ọdún méjì, kódà nínú dánfó tí èrò ń wọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àwọ̀ lẹ́dà náà kò yí padà. Òórùn rẹ̀ kò yí padà. Iye tí wọ́n ń tà á náà kò yí padà. Ìgbà tí Bàbá dojú rẹ̀ dé ni a tó rí i pé aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń nípọn ti fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n ẹ̀fọn. Bàbá lọ bá ẹni tó ń tà á fún wọn. Èsì tí ó fọ̀ ni pé, “Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń kó irú èyí wá. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni.”

Awakọ̀ kìíní pariwo, ó ní kí Bàbá dá owó òun padà. Èkejì kò pariwo rárá, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dun Bàbá jù. Ó ní, “Ọ̀gá Síìtì, pé ó ya kọ́ ló dùn mí. Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé irú èyí ló wà lọ́jà ni, ǹ bá ṣì ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n máa rò pé ti tẹ́lẹ̀ náà ni.” Bàbá ṣàlàyé pé àwọn náà kò mọ̀. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gáréèjì pé ayédèrú lẹ́dà ni Ọ̀gá Síìtì ń lò.

Oníbàárà dínkù. Bàbá tún síìtì méjèèjì ṣe láìgba kọ́bọ̀, inú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò WAEC mi ni wọ́n sì ti ra lẹ́dà tó nípọn. Ìyá mi bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ̀bi yín ni?” Bàbá dáhùn pé, “Ẹ̀bi mi kọ́. Orúkọ mi ni.” Àjọ tí ìyá mi kó ni wọ́n fi san owó ìdánwò náà.

Mo rò pé àwa tí a kò lówó púpọ̀ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, àfi ìgbà tí mo kà nípa àwọn tó ń ra ọkọ̀ oníná ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2021, àwọn tó ra Tesla Model 3 àti Model Y ṣàkíyèsí pé ohun tó máa ń gbe ìbàdí nínú síìtì èrò iwájú kò sí níbẹ̀ mọ́. Elon Musk, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, dáhùn pé àkọsílẹ̀ fi hàn pé àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn kan gba ọkọ̀ tuntun tí kò ní ojú USB tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, torí pé àwọn èròjà kékeré inú kọ̀ǹpútà di ọ̀wọ́n káàkiri ayé. Ìdí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti sanwó ni wọ́n fi ojú ara wọn ṣàwárí rẹ̀. Ó dà bíi pé awakọ̀ kejì yẹn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Nínú ọdún 2021 yẹn kan náà, ní oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ Volvo kéde pé àwọn kò ní lo awọ ẹran mọ́ nínú ọkọ̀ àwọn tó jẹ́ oníná pátápátá, bẹ̀rẹ̀ láti orí C40 Recharge. Ìyípadà ńlá ni èyí. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ awọ ti mọ̀ kó tó kó owó sílẹ̀, ó sì lè gba ibòmíràn lọ.

Àwọn kan lè sọ pé bí ontàjà bá ń sọ gbogbo ìyípadà, ọjà kò ní tà. Mo mọ̀ pé nǹkan le. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀, ohun tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, ẹni tó bá fẹ́ kí iye ọjà rẹ̀ dúró sójú kan lè dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù wa yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Nísinsìnyí, bí Bàbá bá ra lẹ́dà tuntun, wọ́n á gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, èmi á kọ ọjọ́ tí a rà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ pákó. Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á dojú rẹ̀ dé, á fi wé ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn kan máa ń yọwó rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn kan máa ń fi owó kún un kí wọ́n lè gba èyí tó nípọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ẹni tó padà wá pariwo láti ìgbà náà, awakọ̀ kejì sì ti mú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Òfin wà lẹ́yìn ohun tí Bàbá ń ṣe yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí àjọ FCCPC ń bójú tó, sọ pé bí ẹnìkan bá torí àpẹẹrẹ ra ọjà, ohun tí a gbé fún un gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ́ wa ní èyí ní kíláàsì. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa dojú ọjà dé kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì béèrè bóyá ti tẹ́lẹ̀ náà ni.

Bọ́ọ̀sì oníná ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Èkó láti ọdún 2023. Ọ̀nà reluwé oníná tó ti dé Mile 2 ni wọ́n sì ṣètò láti fà dé ọ̀dọ̀ wa ní Okokomaiko. Ọkọ̀ á máa yí padà, lẹ́dà náà á sì máa yí padà. A kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má yí ọjà rẹ̀ padà. Kí wọ́n kàn sọ fún wa ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ontàjà tó bá dákẹ́ fún oníbàárà rẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà á dákẹ́.