Ikọ̀ Róbọ́ọ̀tì Wo Ló Ta Yọ Jù?



Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, èmi náà sì fẹ́ dá sí i: nínú gbogbo ikọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi róbọ́ọ̀tì díje rí, èwo ló ta yọ jù? Róbọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí a kọ́ ní ohun tí yóò ṣe, tó sì ń ṣe é bí ẹni tó ní làákàyè. Ní 1989 ni Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà, dá àjọ FIRST sílẹ̀. Ikọ̀ 28 ló pàdé nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní New Hampshire ní 1992.

Àwọn tó ń ka ife-ẹ̀yẹ ní ikọ̀ 254 ni, àwọn tí à ń pè ní Cheesy Poofs, láti San Jose ní California. Wọ́n gba ife àgbáyé ní 2011, 2014, 2017, 2018 àti 2022. Àwọn mìíràn ní kí á má gbàgbé ikọ̀ 71 láti Hammond ní Indiana, tó gbà á ní 1997, 2001, 2002 àti 2004. Lóòótọ́, márùn-ún ju mẹ́rin lọ. Ọmọ tó kéré jù ní ilé-kéú mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà kọ́ la fi wọ̀n wọ́n. Ní 1997, oníkálukú ń dá jà ni. Láti 1999 ni àwọn ikọ̀ ti ń para pọ̀ dojú kọ àwọn mìíràn. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú ife márààrún tí ikọ̀ 254 dá nìkan gbà. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà. Ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìdíje náà gan-an kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ borí. Ti ikọ̀ tó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe àwọn ẹlòmíràn lóore ni.

Bí ẹ bá wá bi mí, àwọn ọmọbìnrin Herat ní Afghanistan ni n ó dárúkọ. Ní 2017, orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 pàdé ní Washington fún ìdíje FIRST Global. Àwọn aṣọ́bodè dá ohun èlò àwọn ọmọ náà dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi físà dù wọ́n kí wọ́n tó rí i gbà. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún ìgboyà. Kò pẹ́ tí wọ́n padà sílé tí bọ́ǹbù dún ní mọ́sálásí kan ní Herat. Baba olórí ikọ̀ náà wà lára àwọn tó kú. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, àwọn ọmọ yìí fi ẹ̀yà ara ọkọ̀ Toyota Corolla ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí. Ní 2021 tí ìjọba yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Qatar àti Mexico. Láti ọdún náà ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin tó kù nílé.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé ẹ̀rọ kì í ṣe ti ọmọbìnrin, pé kéú nìkan ti tó o. Kéú ni iṣẹ́ mi, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Al-Jazari, tó parí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ní 1206. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀sìn wa kò sì sọ pé ọkùnrin nìkan ni kó wá ìmọ̀. Bí ẹ bá rán Lámídì lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má fi Sìdíkátù sílé. Ní Herat, àwọn aláṣẹ ló ti ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àwa òbí ni a ó fi ọwọ́ ara wa tì í níhìn-ín.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àmín.