Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó àti Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí àwọn ọ̀dọ́ bá wọ ọ́fíìsì ilé-kéwú wa, tí wọ́n rí kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé, tí wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Windows XP ló wà lórí rẹ̀. PageMaker 7 ni ètò tí a fi ń to ìwé. Ọdún 2001 ni àwọn méjèèjì jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kò fi tíì gbé e sọnù, àti ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e.

Ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Aldus ní Amẹ́ríkà gbé PageMaker àkọ́kọ́ jáde. Òun wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré lè to odidi ìwé lórí tábìlì ara rẹ̀. Lọ́dún 1994, Adobe ra Aldus. Ní 1999, Adobe mú InDesign jáde, nígbà tó sì di 2004, wọ́n ní àwọn kò ní tún PageMaker ṣe mọ́. Microsoft náà dáwọ́ àtúnṣe Windows XP dúró ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014. Kọ̀ǹpútà wa ti di ọmọ òrukàn: ìyá ti lọ, bàbá ti lọ.

Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìdánwò, ìwé kíkà àwọn ọmọdé, ìwé ìpè fún ayẹyẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń to. Kò béèrè owó oṣooṣù lọ́wọ́ wa bí àwọn ètò òde òní. A ń gbọn eruku inú rẹ̀ nígbà ọyẹ́, a sì ń pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú aago rẹ̀. A kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀rọ tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ dà bí ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti èdè wa. Àyè 256 péré ni PageMaker ń lò nínú fọ́ǹtì kan fún gbogbo lẹ́tà àti àmì. Á, à, é, è àti irú wọn wà níbẹ̀, nítorí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ, ṣ, ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ kò sí níbẹ̀. Méje nìyẹn, bí a bá fi lẹ́tà ńlá kún un, ó di 14, kí a tó ka ń àti ǹ. Kí ni àwọn tó ṣe fọ́ǹtì Yorùbá ṣe? Wọ́n lé àwọn àmì mìíràn kúrò ní àyè wọn, wọ́n fi lẹ́tà wa síbẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n orí fọ́ǹtì yẹn nìkan ló ti ń jẹ́.

Nígbà kan, a kó ọ̀rọ̀ inú ìwé kíkà kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìgboro. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó títí. Ó ní, “Aáfà, ẹ jọ̀ọ́ sà, èdè wo lèyí?”

Mo ní, “Ọmọ mi, Yorùbá ni. Fọ́ǹtì rẹ ni kò gbọ́ ọ.”

Níbi tí ọkọ̀ wà, àmì owó òyìnbó ló jókòó síbẹ̀. Bí a bá sì yọ gbogbo àmì kúrò, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn?

Unicode, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1991, ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ káàkiri ayé. PageMaker kò mọ̀ ọ́n rárá. InDesign CS6 ti 2012 ló sì ṣí fáìlì PageMaker kẹ́yìn; èyí tó tẹ̀ lé e ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ di PDF. Ó dára fún ojú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ jáde láti inú rẹ̀, àmì òyìnbó náà ni yóò tún yọjú.

Ohun tí a ń ṣe nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè, a kọ àmì kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà tó dúró fún sórí ìwé, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí wa. A yọ ọ̀rọ̀ jáde láìní ọ̀ṣọ́, a fi lẹ́tà Unicode rọ́pò àmì níkọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tuntun, lẹ́yìn náà ẹnìkan á kà á sókè, ẹnìkejì á máa wo ìwé tí a ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń gba àsìkò, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Gbogbo ẹni tó kéwú ló mọ wàláà. A kì í fọ̀ ọ́ kí ọmọ tó há ohun tó wà lára rẹ̀. Wàláà ni kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ tàbí ilé-kéwú tó bá ní irú rẹ̀ nínú yàrá, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì dúró de ọjọ́ tí kò ní jí mọ́. Ẹ tètè kó ọ̀rọ̀ yín jáde.