Orúkọ Eré Ọjà ní Ìlú Oxford

Ẹni tí ó bá dé ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà yóò bá àríyá ńlá ní òpópó St Giles'. Ọjọ́ 2 ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, àgọ́ eré a sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ní irú ọjà báyìí ni àwọn eré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ti gba orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ méjì wò.

Èkínní ni "cock-shy". Àkùkọ ni "cock". "Shy" sì ni kí a sọ nǹkan lu nǹkan. Láyé àtijọ́, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú Lẹ́ńtì, wọn a so àkùkọ ààyè mọ́ èèkàn, wọn a sì máa sọ igi lù ú títí yóò fi kú. Láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni ọ̀pọ̀ ìlú fi òfin de ìwà ìkà yìí. Àkùkọ kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò: ohun ẹ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ ni a gbé lé orí ọ̀pá dípò rẹ̀, "cock-shy" náà ni a sì ń pè é. Nígbẹ̀yìn ni ó kan àgbọn, tí wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù lù títí di òní.

Èkejì ni "Aunt Sally", èyíinì ni Àǹtí Sally. Láàárín ọdún 1850 sí 1900, orí obìnrin tí a fi igi gbẹ́ ni, pẹ̀lú ìkòkò tábà alámọ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ igi fọ́ ìkòkò náà ni ó borí. Nígbà púpọ̀, wọn a kun ojú rẹ̀ ní dúdú. Àǹtí tí àwa ń kúnlẹ̀ kí, òun ni a gbé kalẹ̀ fún igi!

Lónìí, ní ọgbà àwọn ilé ọtí Oxfordshire, orí obìnrin náà kò sí mọ́. Igi funfun kékeré, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, ni ó wà lórí irin. "Doll" ni wọ́n ń pè é, bí ọmọláńgidi. Igi 6 ni olúkúlùkù ń sọ láti ìwọ̀n yáàdì 10. Bí igi bá kọ́kọ́ ba irin, asán ni. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ bá sì tàsé, "blob" ni ó jẹ.

A kò bá eré náà wí. Eré tí ó mọ́ ni nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ènìyàn bá dojú ìjà kọ láìtọ́, "Aunt Sally" ni Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é. Ọwọ́ ti jáwọ́. Ẹnu ni kò tíì jáwọ́.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá ń fi orúkọ ẹnìkan ṣe ẹ̀rín ní àgbàlá yín, ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ta ni ẹ so mọ́ èèkàn yìí?